Bí àrùn bá tún ti ilẹ̀kùn ilé-ìkàwé pa: ìdáhùn fún ìyá kan l'Ógbómọ̀ṣọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ní ilé-ìkàwé kékeré kan tí mo ṣí fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, ńṣe ni mo ti ilẹ̀kùn pa. Ìwé wà nínú ilé, àwọn ọmọ wà níta, kò sí ohun tí mo rí ṣe. Ọmọ mi tó wà l'Amẹ́ríkà sọ fún mi pé orí fóònù ni àwọn ti ń yá ìwé ilé-ìkàwé lásìkò náà, wọ́n sì tún ń kàwé fún àwọn ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé irú ilé-ìkàwé tèmi, tí kò lówó, tí iná kì í dúró, lè ṣe irú rẹ̀ bí àrùn mìíràn bá dé? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú àfaradà. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Àmọ́ ọ̀nà tí ẹ máa gbà kọ́ ni èyí tí ọmọ yín rí l'Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan ò sáà wọ ọjà. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín kí n tó lọ jìnnà ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìkàwé tó rí nǹkan ṣe lásìkò àrùn kòrónà, ohun tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n lò. Ìgbà tí ìjọba kéde pé kí kálukú jókòó sílé ti pẹ́ jù láti máa wá nọ́ńbà fóònù òbí kiri. Ìsinsìnyí tí ara dá, tí ilẹ̀kùn yín ṣí sílẹ̀, ni iṣẹ́ yìí wà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ti Amẹ́ríkà ṣe rí gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀fẹ́ ni. Kí àrùn yìí tó dé ni ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ìlú níbẹ̀ ti ń lo áàpù tí wọ́n ń pè ní Libby. Ẹni tó bá ní káàdì ilé-ìkàwé ìlú rẹ̀ á fi nọ́ńbà káàdì náà wọlé, á yá ìwé, tí ọjọ́ bá sì pé, ìwé náà á kúrò lórí fóònù fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn ilé-ìkàwé wá ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn èèyàn kàn ya bo ohun tó ti wà níbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé-ìkàwé ò ra ìwé yẹn bí ẹ ṣe ń ra ìwé n'Íbàdàn tí ẹ ó gbé e sórí àtẹ títí yóò fi gbó. Láísẹ́ńsì, ìyẹn àṣẹ láti máa yá a fún èèyàn, ni wọ́n ń sanwó fún. Láísẹ́ńsì kan, òǹkàwé kan lẹ́ẹ̀kan náà ni ó wọ́pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tò sí ìlà fún ìwé tó bá gbajúmọ̀. Láti ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé HarperCollins ti sọ ọ́ di pé tí wọ́n bá ti yá ìwé kan fún èèyàn ní ìgbà 26, láísẹ́ńsì náà ti parí nìyẹn, kí ilé-ìkàwé tún lọ rà á. Ní oṣù Kọkànlá 2019, atẹ̀wé mìíràn, Macmillan, sọ pé ẹ̀dà kan ṣoṣo péré ni ilé-ìkàwé kọ̀ọ̀kan lè rà nínú ìwé tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́. Àwọn ilé-ìkàwé pariwo títí, ìgbà tí àrùn dé ní oṣù Kẹta 2020 ni Macmillan tó yí i padà. Owó orí àwọn ará ìlú ni wọ́n fi ń san gbogbo ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi dátà yín ṣòfò sórí Libby. Ẹni tí kò bá ní káàdì ilé-ìkàwé tó ti sanwó, kò ní rí ìwé kankan yá níbẹ̀.

Ọ̀kan wà tó gbìyànjú láti já ìlà náà. Internet Archive, ilé-ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 1996, ní ìwé tí wọ́n ti yà sínú kọ̀ǹpútà tó tó bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 2020, wọ́n ní kò sí títò sí ìlà mọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ yá ìwé yá a. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá mẹ́rin pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọ́n dá ètò náà dúró lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ò tán. Ilé-ẹjọ́ dá àwọn atẹ̀wé láre ní 2023, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2024. Mo mọ ohun tó sún wọn ṣe é, mo sì bá wọn kẹ́dùn. Àmọ́ bí ilé-ìkàwé tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ò bá borí nínú ẹjọ́ náà, èyí tó wà ní Sábó ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ohun tí ẹ bá máa pín káàkiri, kó jẹ́ èyí tí ẹ ní ẹ̀tọ́ sí.

Òfin kọpíráìtì tiwa tí wọ́n ń lò báyìí, ti ọdún 2022, sọ pé ìwé òǹkọ̀wé wà lábẹ́ ààbò fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Ẹ wo D. O. Fágúnwà tí gbogbo wa fẹ́ràn. Oṣù Kejìlá 1963 ni ó kú, ó túmọ̀ sí pé ìwé rẹ̀ ṣì ní olówó títí òpin ọdún 2033. Ẹ lè kà á fún àwọn ọmọ tó jókòó síwájú yín. Láti kà á tán pátá sórí Facebook tàbí WhatsApp, ó gba kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ní 2020, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé l'Amẹ́ríkà àti ní Bìrìtìkó fún àwọn tíṣà àti ilé-ìkàwé láyè láti ka ìwé ọmọdé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á dárúkọ ìwé àti òǹkọ̀wé, tí wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò tí àkókò tí wọ́n dá bá pé. Púpọ̀ nínú àwọn atẹ̀wé tiwa wà n'Íbàdàn. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn nísinsìnyí, ẹ dárúkọ ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí àwọn ọmọ yín fẹ́ràn jù, ẹ béèrè pé tí àrùn bá ti ilẹ̀kùn, ṣé ẹ lè ka orí kan lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé yín. Ẹ fi èsì wọn pamọ́ sínú fáìlì.

Àlọ́ ní tiẹ̀, kò ní òǹkọ̀wé kan tó ni ín. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé agbára yín wà. Ìjàpá tí ìyá ìyá yín pa fún yín, kò sí atẹ̀wé tó máa bi yín nípa rẹ̀, bó bá ti jẹ́ ẹnu ara yín ni ẹ fi pa á, tí ẹ ò kà á nínú ìwé ẹlòmíì. Ní àdúgbò yín, àwọn ìyá àgbà tó mọ àlọ́ onórin ṣì wà, ẹ kó wọn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ irú ohùn bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn gbà, ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti afẹ́fẹ́. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kùtù, kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ẹ ti fèrèsé, ẹ jókòó sí yàrá tó ní kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì, torí yàrá tó ṣófo máa ń mú ohùn dún padà. Ẹ gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, kí ìwọ̀n ọwọ́ kan wà láàárín rẹ̀ àti ẹnu, ẹ má fi ọwọ́ dì í mú. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ìyá náà sọ orúkọ rẹ̀, àlọ́ tó fẹ́ pa àti ọdún. Tó bá wá pe "Ààlọ́ o!", kó dákẹ́ díẹ̀. Àyè tó fi sílẹ̀ yẹn ni ọmọ tó ń gbọ́ nílé á fi dáhùn "Ààlọ̀!" Bákan náà ni orin: kó dá a lẹ́ẹ̀kan, kó wá fi àyè sílẹ̀ fún ègbè. Àlọ́ tí ìyá kan kàn rọ́ lọ láìdúró, ọmọ á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Èyí tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń tún un gbọ́, ó sì máa ń pe àbúrò rẹ̀ síbẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí WhatsApp sábà máa ń jẹ́ bíi MB kan sí mẹ́ta. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè jẹ ọ̀pọ̀ ìlọ́po iye yẹn, ìyá ọmọ tó ń ra dátà kékeré lójoojúmọ́ ò ní ṣí i. Nítorí náà ohùn ni mo dìbò fún. Ìmọ̀ràn kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: ẹ má gbà á tààrà nínú WhatsApp. Ẹ lo áàpù tí fóònù fi ń gba ohùn, ẹ fún fáìlì náà lórúkọ gidi, kí ẹ sì sọ ọ́ di MP3. Ìdí ni pé ohùn tí WhatsApp gbà kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí fóònù tọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ fóònù tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tí àwọn ọmọ yìí ń bá gbé. Púpọ̀ nínú àwọn fóònù náà ló ní ojú ibi tí wọ́n ń ki mẹ́mórì káàdì bọ̀, wọ́n sì máa ń kọ MP3 dáadáa. Ọmọ tí kò ní fóònù íntánẹ́ẹ̀tì nílé á mú mẹ́mórì káàdì wá, ẹ ó kó àlọ́ ogún sí i, á padà sílé. Tó bá gbọ́ ọ tán, á mú un wá kí ẹ kó òmíràn sí i. Ìwé yíyá náà nìyẹn.

Bí ẹ bá wá fẹ́ ìwé tí ojú ń kà, African Storybook ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ló dá a sílẹ̀, ìwé ìtàn aláwòrán fún ọmọ kéékèèké ni wọ́n kó síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fún gbogbo ayé láyè láti gbà á sílẹ̀, tẹ̀ ẹ́, pín in, àní túmọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ ka ti Yorùbá kí ẹ tó pín in, torí bí ọwọ́ àwọn tó túmọ̀ wọn ṣe yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àmì ohùn wọn. Tíṣà ni yín, ẹ lè tún un ṣe. Fún àwọn ọmọ tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Project Gutenberg wà, láti 1971 ni wọ́n ti ń kó ìwé tí kọpíráìtì wọn ti tán jọ, ó ti lé ní 70,000 báyìí.

Nínú Internet Archive tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìwé àtijọ́ tí kò ní olówó mọ́ ṣì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dùn mí, ó sì tún múnú mi dùn, pé ibẹ̀ ni ìwé nípa ìlú wa pọ̀ sí. T. J. Bowen, oníṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, kọ gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ l'Amẹ́ríkà ní 1858. Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, parí ìtàn ilẹ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀ tún un kọ, 1921 ni ó tó jáde. Ọmọ kan tó jókòó sí Sábó lè ṣí méjèèjì lórí fóònù bàbá rẹ̀. Ẹ gba fáìlì tó jẹ́ àwòrán ojú ìwé, bó tilẹ̀ wúwo. Èyí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, ọ àti ṣ tiwa, ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá dìdàkudà.

Fún àwọn tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ wá Kiwix. Áàpù ọ̀fẹ́ ni, ó ń jẹ́ kí èèyàn ka Wikipedia láìsí dátà rárá. Ẹ ó gba fáìlì náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, bóyá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ LAUTECH ní Under-G, ẹ ó sì máa fi mẹ́mórì káàdì pín in. Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì lódindi pẹ̀lú àwòrán tó bíi GB ọgọ́rùn-ún, ẹ ò nílò rẹ̀, àwọn kékeré tí wọ́n ṣà jọ wà. Ti Yorùbá ní àyọkà tó lé ní 30,000, kò sì gba àyè púpọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrú. Ọmọ yunifásítì tó bá béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún un pé JSTOR, ibi tí wọ́n kó àpilẹ̀kọ àwọn ọ̀mọ̀wé jọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń jẹ́ kí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ka àpilẹ̀kọ 100 lóṣù lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́fà péré ni tẹ́lẹ̀, àkókò àrùn kòrónà ni wọ́n fi kún un.

Ní ti Zoom, mi ò gbà yín níyànjú láti fi kó ọmọ kéékèèké jọ. Ó ń jẹ dátà, ìpàdé ọ̀fẹ́ kì í kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ní 2020 sì ni àwọn ọmọ ìta ń já wọ ìpàdé tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ń fi àwòrán ìdọ̀tí hàn. WhatsApp tó. Àmọ́ ẹ má kó gbogbo òbí sínú gúrúpù kan láìbéèrè, torí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń rí nọ́ńbà ara wọn. Broadcast sàn jù fún iṣẹ́ yín: ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba tiẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí òbí bá mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀, ẹ gba fóònù rẹ̀, kó tọ́jú nọ́ńbà ilé-ìkàwé lójú yín, kó sì buwọ́ lùwé pé òun gbà kí ẹ máa fi nǹkan ránṣẹ́ fún ọmọ òun. Òfin ààbò ìsọfúnni tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023 béèrè ìyọ̀ǹda òbí lórí ìsọfúnni ọmọdé.

Nọ́ńbà wọ̀nyẹn á ṣe ohun mìíràn tó tóbi ju àlọ́ lọ. Ẹ rántí irọ́ tó kún orí fóònù ní 2020, ti omi iyọ̀ àti ti kolorokúìnì. Ó le débi pé WhatsApp fúnra rẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ní ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, ẹnì kan ṣoṣo ni èèyàn lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ilé-ìkàwé ni ó yẹ kí àdúgbò máa bi pé "ṣé òótọ́ ni?" Ẹ máa wo ojú òpó NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, tàbí kí ẹ pe 6232 tó jẹ́ nọ́ńbà ọ̀fẹ́ wọn, kí ẹ wá fi ohùn yín sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn òbí. Wọ́n mọ ohùn yín, wọ́n á gbà á gbọ́. Ní San Francisco, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé wà lára àwọn tí wọ́n kọ́ láti máa pe àwọn tó ti bá aláìsàn pàdé, nítorí pé wọ́n mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé bébà ló kù, ó sì ká mi lára. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìjọba ò ti gbogbo ìlú pa ní 2020 bí wọ́n ṣe ti Èkó. Láti aago méje alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ni òfin kónílé-ó-gbélé tiwa. Ilé-ìwé wà ní títì, èrò ò gbọdọ̀ pé jọ, àmọ́ lọ́sàn-án èèyàn lè rìn. Àwọn ọmọ ò lè jókòó ka ìwé lọ́dọ̀ yín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó gba ìwé. Ẹ̀rù tó ń bà wá nígbà náà ni pé ìwé lè kó àrùn ràn. Àwọn kan dán an wò l'Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní REALM. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, wọn ò rí kòkòrò náà mọ́ lára ìwé tó dá wà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n to ìwé léra, wọ́n ṣì rí i lára àwọn kan lọ́jọ́ kẹfà. Lẹ́yìn náà ni ó wá hàn pé afẹ́fẹ́ tí à ń mí ni àrùn yẹn ń gbà ràn jù, ewu ti ìwé kéré gan-an. Àrùn mìíràn lè yàtọ̀, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ti lè wá tábìlì kan àti àpótí méjì sílẹ̀: èyí tí ìwé ń bá jáde, àti èyí tí ìwé tó padà á sinmi sí, láìtò wọ́n léra.

Fún ilé tí kò ní fóònù tó ń lo mẹ́mórì káàdì, rédíò ló kù. Ẹ lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ìlú, Parrot FM fún àpẹẹrẹ, ẹ mú àlọ́ tí ẹ ti gbà lọ, ẹ ní kí wọ́n gbọ́ ọ. Ó rọrùn fún wọn láti fún ẹni tó ti ní nǹkan lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú lọ.

Ẹ má ra kọ̀ǹpútà, ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni pé kó bá yín ṣe wẹ́ẹ̀bù sáìtì. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle kan ni kí ẹ rà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, nọ́ńbà òbí, irú fóònù tó wà nílé, bóyá ó ń gba mẹ́mórì káàdì, bóyá wọ́n ní rédíò, àti kíláàsì tí ọmọ náà wà. Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, láìsí orúkọ ọmọ àti láìsí nọ́ńbà, pé ilé mélòó ló ní fóònù tọ́ọ̀ṣì, mélòó ló ní èyí tó ń lo WhatsApp, kí n lè mọ ohun tí màá kó sórí mẹ́mórì káàdì àkọ́kọ́ tí màá fi ránṣẹ́ sí yín.